Sátidé Mọ́kànlá Lẹ́yìn Ibùsùn

2.

…nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dín oúnjẹ Tuva kù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣì ń ga. Gíga rẹ̀ yóò bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu láìpẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán níbí. Ẹ pè mí kíákíá.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwé


3.

Ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ méjì-méjì ni lẹ́tà ń dé òpópónà wa. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló já bọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Tuva, ọmọ mi, dákú níbi eré ìdárayá.

Dókítà ní kó sinmi. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló sùn.


4.

Ìwé ara fíríìjì, láti oṣù Kẹsàn-án. Èmi ni mo kọ ọ́:

Ẹ̀ẹ̀kan là ń bu oúnjẹ.
Kò sí búrẹ́dì alẹ́.
Súìtì: Sátidé nìkan, bíi ti gbogbo ọmọ Swídìn.
Òṣùwọ̀n: àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.


5.

Orí fóònù. Gunvor ni ìyá mi.

GUNVOR: Ylva, ṣé mi ò sọ? Ìwọ àti òṣùwọ̀n rẹ yẹn!

ÈMI: Màmá, ta ló ń pe Ọjọ́rú ní Sátidé Kékeré, kí ẹ lè rí àyè fún un ní súìtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀?

GUNVOR: Gbogbo ìlú ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Súìtì tèmi kọ́ ló gbé e ṣubú.

ÈMI: Ó ń jí nǹkan jẹ. Mo mọ̀.

GUNVOR: Ṣé o tiẹ̀ ń wo ojú ọmọ yẹn, àbí nọ́ńbà abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan?

ÈMI: Mò ń lọ tú yàrá rẹ̀.

GUNVOR: Tú u, ọlọ́pàá.


6.

Ohun tí mo bá lẹ́yìn ibùsùn:

Àpò súìtì. Sátidé ńlá mẹ́fà, Sátidé Kékeré márùn-ún. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò tú ìkankan.


7.

Mọ́kànlá.


8.

Ìwé kékeré kan, àwòrán ẹṣin lára èèpo rẹ̀. Ìkọ̀wé Tuva:

Ọjọ́ Ajé. Mọ́mì: kọfí. Èmi: omi.
Ìṣẹ́gun. Mọ́mì: kọfí, kùkúńbà. Èmi: kùkúńbà.
Ọjọ́rú. Mọ́mì ní àwọn ti jẹun níbi iṣẹ́. Èmi náà ní mo ti jẹun nílé ìwé.
Ọjọ́bọ̀. Mọ́mì di ikùn wọn mú níwájú dígí. Wọ́n ní, “Ẹ wo nǹkan yìí.” Mo wo tèmi.
Sátidé. Mọ́mì ò jẹ súìtì. Mo tọ́jú tèmi. Inú Mọ́mì máa dùn.


9.

Mi ò kọ ìyẹn sára fíríìjì.


10.

GUNVOR: Ṣé o ti rí olè rẹ?

ÈMI: Mo ti rí i. Èmi ni.


1.

Ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn kan náà. Mo ti mú Tuva wálé láti ọ̀dọ̀ ìyá mi. Pílásítà wà níwájú orí rẹ̀.

TUVA: Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ wọ̀n mí ni?

ÈMI: Rárá. Mo ti ju òṣùwọ̀n nù.

TUVA: Ẹ ti wo ẹ̀yìn ibùsùn mi.

ÈMI: Mo wò ó.

TUVA: Ṣé inú yín dùn?

Mo gbé búrẹ́dì méjì síwájú wa, bọ́tà rẹ̀ nípọn, wàràkàṣì lórí rẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀ tó ní àwòrán ẹṣin. Ó mú pẹ́ńsù. Ó ń wo ẹnu mi.

ÈMI: Màá máa jẹun níwájú rẹ, Tuva. Lónìí. Lọ́la, nílé ìwé yín. Lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n màá jẹ ẹ́.