Ìlà Tó Kọ̀ Tí Kò Gba Títò

Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí ẹni tó bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ra ìjà nìyẹn. Òun ló ń ṣètò ìkànnì kan tí àwọn èèyàn fi ń wá ẹbí wọn tó sọnù. Téèyàn bá tẹ orúkọ tàbí àdúgbò síbẹ̀, àtẹ èsì á jáde: orúkọ, ọjọ́ orí, àwọ̀ aṣọ, ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n rúdurùdu ló ń jáde. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ á tún máa wo ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn títí ojú á fi máa ro ó. Ọ̀gá wá ní kó ṣe é kí àtẹ náà ṣeé tò: kéèyàn tẹ orí “ọjọ́” lẹ́ẹ̀kan, kí tuntun bọ́ sókè, kó tún un tẹ̀, kí ti àtijọ́ bọ́ sókè.

Iṣẹ́ kékeré! Kò tiẹ̀ dìde lórí àga tó fi parí ẹ̀. Ó tẹ orí “ọjọ́”, àwọn ìlà sáré tò, wẹ́rẹ́. Ó tún un tẹ̀, gbogbo àtẹ dorí kodò, àfi ìlà kan ṣoṣo tó wà lókè pátápátá. Ìyẹn ò mira. Nígbà tó ka orúkọ tó wà níbẹ̀, àyà rẹ̀ já. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni.

Ẹ má rò pé iwin ló wọnú kọ̀ǹpútà o. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà jáde pé òun ń lọ gba bàtà òun lọ́wọ́ ṣọbàtà, tí kò padà wálé mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló fi orúkọ rẹ̀ sórí ìkànnì, ṣùgbọ́n ìyá wọn fàáké kọ́rí lórí ọjọ́.

“Tí o bá ti kọ ‘kẹ́yìn’ síbẹ̀, ó ti di kẹ́yìn nìyẹn,” ìyá ní. “Ọmọ tèmi ò ní kẹ́yìn.”

Bí àyè ọjọ́ ṣe ṣófo nìyẹn, tiẹ̀ nìkan nínú gbogbo àtẹ. Ètò tuntun kò mọ ibi tí yóò gbé ẹni tí kò lọ́jọ́ sí, ló bá ń gbé e sókè ṣáá. Má-fọwọ́-kàn-án mọ gbogbo èyí dáadáa, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ṣe ló dà bíi pé ọmọ náà yọjú láti wò ó.

Ọ̀gá dé ẹ̀yìn àga rẹ̀. “Kí nìyí lókè?”

“Kò ní ọjọ́ ni, Sà.”

“Fi ọjọ́ sí i. Bí kò bá ní, yọ ọ́ kúrò. Ọ̀la la máa ṣí i fáráyé o, má dójú tì wá.”

Yọ ọ́ kẹ̀! Ọ̀gá ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹkún ò sì jẹ́ kí Má-fọwọ́-kàn-án lè ṣàlàyé. Tí wọ́n bá yọ ọ́ níbẹ̀, ta ló tún máa wá a? Nígbà táwọn tó kù lọ jẹun ọ̀sán, ó gba ilé lọ.

Ìyá ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó tún ká aṣọ kan sí i.

“Ṣé dandan ni?”

“Dandan ni, Màámi. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́.”

“Ó dáa. Kọ ti òní sí i.”

“Òní kẹ̀? Màámi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti pẹ́.”

“Ṣebí ọjọ́ tí a rí i kẹ́yìn ni wọ́n bèèrè? Mo rí i láàárọ̀ yìí. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó mumi, kò sì ṣan ife, bí ìṣe rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ìwọ lo máa ń sùn fọnfọn.”

Ẹ̀rù bà á gan-an. Láàárọ̀ yẹn, ó bá ife kan nídìí ẹ̀rọ omi, omi díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ti kùn sínú pé Màámi ló fi í sílẹ̀ láìṣan. Ó wá rántí pé ìyá kì í fi ife mumi. Ìgò ló máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó kọ ọjọ́ òní. Ìlà náà gbọ́ràn wàyí, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀ bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní, “Káre!” Wọ́n ṣí i fáráyé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oúnjẹ ò wọ ìyá lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ní ọ́fíìsì.

“Kò wá mọ́ o.”

“Ta ni, Màámi?”

“O mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí o ti kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Jọ̀ọ́, ọmọ mi, pa ọjọ́ yẹn rẹ́.”

Ó mọ̀ pé tí ọ̀gá bá rí i, wọ́n á yọ ọmọ náà kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Síbẹ̀, ó lọ sí àyè ọjọ́. Ó pa á rẹ́.

“Mo ti pa á rẹ́, Màámi.”

“Pátápátá?”

“Pátápátá.”

Ìyá kò pa fóònù. Má-fọwọ́-kàn-án gbọ́ bó ṣe ń wọ́ sálúbàtà lọ sí ilé ìdáná, ó gbọ́ tó ṣílẹ̀kùn, tó sì pe orúkọ ọmọ náà bó ṣe máa ń pè é wálé nígbà tó wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá tún pè é. Má-fọwọ́-kàn-án tẹ fóònù mọ́ etí, òun náà ń retí.