Ilẹ̀ Yàrá Ẹ̀yìn

Nílé Ọlọ́runṣògo ní Òdòdé, ẹnikẹ́ni kì í sùn kọjá ìdájí lọ́jọ́ Sátidé. Kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn àpáta ni Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ á ti máa fa àga, á ti máa ká kọ́tìnnì, á sì ti máa kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ.

"Ẹ dìde o! Ẹ jẹ́ ká kó ilé yìí síta kí oòrùn tó mú."

Aránṣọ ni Tinúkẹ́. Inú pálọ̀ ló ti ń ránṣọ, nítorí náà èérún aṣọ kì í wọ́n nílẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ojú ilẹ̀ nìkan ló ń gbá. Ọjọ́rú ló fi ń fọ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, kò sí ẹrù tí kì í jáde. Fóòmù á lọ sá oòrùn lórí àpáta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀díṣíìtì á wọnú omi ọṣẹ, wọn á ti bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, wọn á gbọn jàǹkàrìwọ̀ àjà, wọn á sì fi ísáàlì nu ilẹ̀ títí òórùn rẹ̀ á fi dé ṣọ́ọ̀bù Nimat lódìkejì títì.

"Ṣé ìjọba ń bọ̀ wá wo ilé wa ni?" Ọlọ́runṣògo a máa bi í bẹ́ẹ̀ bó bá ń mú àdá rẹ̀ lọ sóko kòkó.

"Ìdun ni mi ò fẹ́ kó wá wò ó."

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló gbé, nínú yàrá kan tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹní tí wọ́n ní lọ. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ti jókòó ní kíláàsì, ìdun rọra rìn jáde lábẹ́ kọ́là yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ figbe ta. Àtọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Ìdun, títí tó fi jáde ilé-ìwé. Ó ti búra pé kò sí ọmọ tí òun máa bí tí wọ́n á fi ìdọ̀tí ilé rẹ́rìn-ín.

Ọmọ méjì ló bí. Ìbílọlá, àkọ́bí, ti wà nílé ọkọ ní Ọ̀wẹ̀nà. Àdúràọlá, àbíkẹ́yìn, ló kù nílé, ọmọ ilé-ìwé girama tó ti ń múra ìdánwò àṣejáde. Òun ló ń tún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti yàrá ẹ̀yìn ṣe. Á kùn, á yọ ètè jáde, á ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣì ń sùn, ṣùgbọ́n tó bá ti mú ìgbálẹ̀, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò ní dé.

Lọ́dún yẹn, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ lára Ìbílọlá. Tinúkẹ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ sí Ọ̀wẹ̀nà láti tọ́jú ìyá àti ọmọ. Kó tó lọ, ó pe Àdúràọlá sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Sátidé, o gbọ́? Má jẹ́ kó kọjá."

"Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa lọ."

Ṣùgbọ́n àsìkò náà ni àwọn olè ń kó nǹkan lóko. Ọlọ́runṣògo kó àpò àgbàdo àti pákí gbígbẹ rẹ̀ wálé, ó tò wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn títí wọ́n fi dí fèrèsé. Tó bá sì di Sátidé, ó ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání lọ sóko kí wọ́n lè tètè kó èyí tó kù. Á ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé kan kọjá, òmíràn náà kọjá. Wọ́n ń sun igbó káàkiri ìdí òkè nígbà náà, gbogbo ohun tó ń gbé inú igbó sì ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí.

"Màmá, èkúté ń sáré lórí àjà," Àdúràọlá wí lórí fóònù. "Wọ́n ti dá àpò gáárì lu."

"Da gáárì yẹn nù. Tí mo bá dé, a jọ máa lé wọn."

Ọjọ́ Ẹtì ló dé. Bó ti ṣí ilẹ̀kùn, òórùn kan tí kò mọ̀ mọ́ ilé rẹ̀ pàdé rẹ̀. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ń wo àpò tó ga dé àjà, àti ìgbẹ́ èkúté tó dúdú nílẹ̀ bí ìrẹsì tó jóná.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, inú tó ń bí i ló fi ṣiṣẹ́. Òun àti Àdúràọlá fa àwọn àpò tó ti lu síta. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti bá ìtẹ́ èkúté, èérún aṣọ tó ti rán ni wọ́n fi ṣe é. Tinúkẹ́ ní kí ọmọ máa gbálẹ̀ lọ, òun ń lọ pọnmi. Àwọn àpò tó kù ṣì dí fèrèsé pa. Nígbà tó fi máa padà dé, eruku ti kún yàrá bí èéfín. Àdúràọlá sáré jáde, ó ń wúkọ́, irun orí rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ wò mí, Màmá, mo ti darúgbó!" Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Padà, jàre. Ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ò tíì mọ́."

Ọmọ náà padà wọlé.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí ibà tó mú un. Wọ́n ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, kò lọ. Ọ̀fun ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé ẹ̀kọ mì. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wòlíì gbàdúrà fún un, ó wo ojú rẹ̀ tó ń wú, ó sì yíjú sí Ọlọ́runṣògo.

"Ẹ má jókòó tì mí níbí. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sọ́sibítù. A óò máa gbàdúrà bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ọsibítù ńlá kan níta ìlú ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti erìgì rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó bo imú bo ojú gbà á lọ́wọ́ Tinúkẹ́, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn. Láti ojú fèrèsé onígíláàsì ló ti ń wo ọmọ rẹ̀. Nígbà kan, Àdúràọlá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Tinúkẹ́ ò mọ̀ bóyá òun ló ń juwọ́ sí tàbí omi ló ń béèrè.

Dókítà ní ibà Lásà ni, àti pé ara èkúté ni èèyàn ti ń kó o. Ó ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Oògùn ò ráyè ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ń lu agogo ìsìn, ọmọ náà kú.

Wọn ò gbé e wálé. Àwọn tó wọ aṣọ tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n sin ín. Ọlọ́runṣògo àti ìyàwó rẹ̀ dúró lókèèrè, níbi tí wọ́n ní kí wọ́n dúró sí, wọn ò sì gbọ́ ìró iyẹ̀pẹ̀ tó ń bọ́ sínú sàréè.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá fín ilé. Wọ́n ń wọn bí ara tọkọtìyàwó náà ṣe ń gbóná lójoojúmọ́, títí ó fi dá wọn lójú pé àrùn náà kò ràn wọ́n. Àwọn oníbàárà Tinúkẹ́ ránṣẹ́ gba aṣọ wọn, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ gbà á mọ́. Obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà jókòó tì í, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ilé: kí wọ́n de oúnjẹ pa, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì wọ́n omi oògùn apakòkòrò sórí ìgbẹ́ èkúté kí ó tutù dáadáa kí wọ́n tó nù ún.

"Tí èèyàn bá gbá a ní gbígbẹ ńkọ́?" Tinúkẹ́ béèrè.

"Ẹ má gbá a rárá, Mà. Eruku rẹ̀ ni..." Obìnrin náà rí ojú rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ó lè jẹ́ inú oúnjẹ ló ti kó o, Mà. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Tinúkẹ́ ò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Eruku ọyẹ́ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Abọ́ tí wọ́n fi jẹun ń wà nílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí Sátidé bá dé, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ògiri. Òun àti ọkọ rẹ̀ ò jọ sọ̀rọ̀ ọmọ náà àfi lẹ́ẹ̀kan.

"Èmi ni mo ní kó padà wọlé," Tinúkẹ́ wí.

"Ta ló kó àgbàdo síbẹ̀?" Ọlọ́runṣògo dáhùn.

Ó dúró bóyá ìyàwó rẹ̀ á sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Tinúkẹ́ ò sọ ọ́. Òun náà ò sì lè sọ ọ́ fún un.

Nimat tó ń tajà lódìkejì títì ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé wá bá wọn láìjẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó gbé abọ́ sàárà dání, ó wo pálọ̀ yíká.

"Ìyá Ìbílọlá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ilé yín ń rùn."

"Jẹ́ kó máa rùn."

"Mo rí èkúté tó jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yín lánàá." Nimat gbé abọ́ kalẹ̀. "Bàbá Ìbílọlá ṣì wà láàyè, Mà. Ẹ̀yin náà wà láàyè."

Ọlọ́runṣògo gbọ́ ọ láti yàrá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò lọ sóko. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀, ó fi aṣọ di imú, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi oògùn sílẹ̀ yàrá ẹ̀yìn. Ó dà á pọ̀ jù. Omi náà ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé ẹsẹ̀ Tinúkẹ́ níbi tó jókòó sí. Ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀, tí kò mọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà, tó ń fọ ibì kan náà ní àfọ̀túnfọ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì dúró, tí ọkùnrin náà sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n gún nínú.

Tinúkẹ́ dìde. Kò wọ yàrá náà. Ó mú àkísà, ó ń nu omi tó ṣàn dé pálọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́ ilé látìgbà náà. Tinúkẹ́ ń ṣe gbogbo ilé, pẹ̀lú omi, kò sí ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Ọlọ́runṣògo ló ni yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí àkókò kòkó fi tún yí po. Nígbà náà ni ọkọ Ìbílọlá tó gbà kí wọ́n gbé ọmọ wá sí Òdòdé.

Ọmọ náà ti ń rákò. Ó rí ilẹ̀ pálọ̀ tó ń dán, ó ń na ara rẹ̀ láti ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Tinúkẹ́ dì í mú. Ó gbé e láti àárọ̀, ó gbé e lásìkò oúnjẹ, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo jẹ ẹ̀bà.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí apá yín sinmi," Ìbílọlá wí. "Ilẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀ pé ó mọ́."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tinúkẹ́ gbé e sí èjìká kejì, ó dìde, ó sì ń gbé e rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀.