Oògùn Méjì Nínú Abọ́ Kan

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Àìná sí Ìsánlú, fóònù Láníyì kò yéé dún ní aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń lo oògùn. Àìná ti lọ, oògùn ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n fóònù kò mọ̀, Láníyì kò sì sọ fún un. Bó bá ti ń dún, á gbójú sókè wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á dúró títí ariwo náà á fi rẹ̀ ẹ́, á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Kò sí ohun púpọ̀ tó ń ṣe. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí sítọ́ọ̀ ìjọba, ó ń gbé ní Kárù, lẹ́bàá Àbújá, nínú ilé tó ti tóbi jù fún un. Dára, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti padà sí Pọtakọ́tì. Ọdún tí wọ́n ti pápá ọkọ̀ òfuurufú Àbújá fún àtúnṣe ni. Kàdúná lọmọ náà balẹ̀ sí nígbà tó ń bọ̀ wá sin ìyá rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì gbà lọ. Ó ní kí bàbá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Láníyì ní òun yóò rò ó. Kò rò ó.

Ohun kan ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn láràárọ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa Àìná, obìnrin tí kò fẹnu kan sìgá rí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi oògùn sí i lára nílé ìwòsàn, àwọn dókítà sọ fún wọn pé àwọn ń dán nǹkan kan wò. Wọ́n lọ ata-ilẹ̀ pupa kúnná, wọ́n rọ ọ́ sínú kápúsù, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ran oògùn òyìnbó lọ́wọ́. Ìdajì àwọn aláìsàn yóò gba ojúlówó, ìdajì yóò gba ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi àwọ̀ sí kó lè jọ ọ́. Aláìsàn kò ní mọ èyí tó bọ́ sí òun lọ́wọ́, dókítà rẹ̀ pàápàá kò ní mọ̀, títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Láníyì kò fẹ́. Ó ní ènìyàn kì í fi ara ta tẹ́tẹ́. Àìná rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.

"Bàbá Dára, ẹ jẹ́ n ṣe é. Bí kò bá wò mí sàn, wọn á kà mí mọ́ àwọn tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Láníyì fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ aya òun sára ògiri. Kí wọ́n ṣáà kà á mọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn pè é pé kó dá ìgò kápúsù tó ṣẹ́kù padà. Ó wọṣọ tó lọ̀, ó jókòó sẹ́yìn takisí pẹ̀lú àwọn èrò mìíràn, ó gbé ìgò náà lé orúnkún. Ní Kugbo, níbi tí àwọn káfíńtà to iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí ẹ̀bá títì, ọkọ̀ há. Ó rí tọkọtìyàwó kan tí wọ́n ń yan bẹ́ẹ̀dì, tí obìnrin ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tí ọkùnrin ń wo ibòmíràn. Ó yíjú padà.

Lórí àga gbọọrọ níwájú yàrá dókítà, ẹnì kan kí i ní ohùn ilé wọn. "Òkun o, Bàbá Dára."

Wàsílátù ni, ọmọ Kàbà, tí òun àti Àìná máa ń gba omi oògùn lọ́jọ́ kan náà, àga sí àga. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú ìdánwò kápúsù náà. Obìnrin náà ti gbẹ tó fi jẹ́ pé ìbòrí rẹ̀ nìkan ló sanra. Ó bá Láníyì kẹ́dùn, ó ṣàdúà fún òkú, lẹ́yìn náà ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú abọ́ tánganran kékeré kan jáde, èyí tí etí rẹ̀ ti bó. Láníyì mọ abọ́ náà. Méjì ni wọ́n. Ó ti wá ìkejì títí nínú ilé, ó sì ti gbà pé ó sọnù.

"Ti Ìyá Dára ni," ni Wàsílátù wí. "Inú rẹ̀ la ti máa ń pò ó pọ̀."

"Ẹ ń po kí ni pọ̀?"

"Kápúsù wa. Bí wọ́n bá ti fún wa ní ìgò tuntun, a ó da tàwa méjèèjì sínú abọ́ yìí, a ó rò ó, a ó wá pín in dọ́gba. Ó ní kò yẹ kí èèyàn méjì jókòó ti ara wọn, kí ọ̀kan máa lo oògùn, kí ìkejì máa gbé ẹ̀kọ gbígbẹ mì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó mú wa lọ fún ọlọ́pàá."

Láníyì kò rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀, lálaalẹ́ ló máa ń jókòó ti Àìná títí tó fi gbé kápúsù mì. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun.

Wàsílátù wolẹ̀. "Ẹ ò jẹ́ gbà fún wa, sà."

Ó fi kún un pé òun ti fẹ́ sọ fún dókítà tipẹ́, ẹnu òun ni ò gbà á. Bí Láníyì bá sọ ọ́, òun kò ní sẹ́. Bó bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Bí nọ́ọ̀sì ti pe Láníyì wọlé nìyẹn.

Dókítà Kíkẹ́olúwa kéré lọ́jọ́ orí, Àbújá ni wọ́n ti tọ́ ọ, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń tiro díẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Màmá ṣe ohun ńlá fún wa. A máa ka Màmá mọ́ wọn."

Ohun tí Láníyì ń fẹ́ nìyẹn. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Gbogbo ọdún tó fi ṣọ́ sítọ́ọ̀, ó mọ̀ pé irọ́ tí wọ́n bá kà mọ́ ẹrù kì í dúró síbi tí wọ́n ti pa á. Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ iwájú, wọn á gbé kápúsù fún aláìsàn kan, tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n rò pé Àìná mu. Ó padà wá jókòó.

"Dókítà, ẹ má kà á."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Kò bínú. Ó ní àwọn yóò yọ àwọn méjèèjì kúrò. Oògùn tí Wàsílátù ń gbà nílé ìwòsàn kò ní dúró, kápúsù nìkan ni. Láníyì wá béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: èwo ló bọ́ sọ́wọ́ Àìná?

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Èyí tí a kọ́kọ́ fún un nìkan ni a lè mọ̀, tá a bá parí. Èyí tó mu, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́."

Níta, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Wàsílátù. Obìnrin náà mi orí, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì na abọ́ náà sí i pé ohun ilé rẹ̀ ni. Láníyì gbà á. Ó fi àtàǹpàkò ra ibi tó bó létí rẹ̀, ó sì dá a padà.

"Ẹ̀yin ló fún. Ẹ máa fi jẹun."

Ó jókòó tì í títí ọmọ Wàsílátù fi wá mú ìyá rẹ̀, kí òun tó wá takisí lọ sí Kárù.

Ó ń gbé omi ka iná nígbà tí fóònù dún. Aago méje. Ó jáde sí pálọ̀, ó dúró níwájú àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Mo ti sọ fún wọn, Ìyá Dára," ó wí. "Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ. Bínú bó o bá fẹ́."

Fóònù dún títí, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Láníyì tẹ́tí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú.