Ilé Lórí Èjìká

Láti àná ni wọ́n ti so La Tobo mọ́ òpó lábẹ́ ààfin. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó sọ fún àwọn apẹja etí adágún pé ọba kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdajì ẹja wọn. Ọba wa, La Paremma, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Arung, ní kí wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n La Tobo obìnrin, We Sinrang, kò sunkún. Ó kó ìkòkò àti ẹní sọ̀ kalẹ̀ láti inú ilé onípákó rẹ̀, tó dúró lórí òpó bíi ti gbogbo wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọparun gígùn mọ́ àwọn òpó tó gbé ilé náà dúró.

Ohun tó ń ṣe yé gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí a fi Arung jọba, ó búra níwájú ìlú pé ìgbìmọ̀ nìkan ni yóò máa dájọ́ ikú. Bí òun bá dalẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kí ẹni tó bá wù ú gbé ilé rẹ̀ kúrò lábẹ́ àkóso òun. Ẹni tí a bá sì pè wá gbé ilé, èèwọ̀ ni kó kọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé èyí lójú ọba?

"Sinrang, ṣé orí ẹ pé báyìí?" Bàbá La Saddapo, àgbà ìgbìmọ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Arung ń wò ẹ́ láti ojú fèrèsé ààfin."

"Ẹ jẹ́ kó máa wò, Bàbá. Ẹ wá fi èjìká sí i."

"Èjìká wo? Èyí tí làkúrègbé ti fi ṣe ibùgbé?"

"Làkúrègbé ò sí lẹ́nu yín lọ́jọ́ tí ẹ gba ìbúra lọ́wọ́ ọba."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ abẹ́ ọparun. Àwọn ọkùnrin míì ń yọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn nílẹ̀. Síbẹ̀, igun iwájú ṣófo. Sinrang bá lọ sí ẹnu ọ̀nà ààfin, lọ́dọ̀ La Wawo tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

"La Wawo, mo pè ọ́ wá gbé ilé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí sí mi. Ọ̀kọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi."

"Mo rí i. Mi ò pe ọ̀kọ̀. Ìwọ ni mo pè."

La Wawo gbójú sókè wo fèrèsé. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò nù ún. Ó rọra fi ọ̀kọ̀ ti ògiri.

Ilé náà gbéra, bí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e dé iwájú ààfin. Ní òpópónà, àwọn obìnrin ti ń gbé ẹní àti agbọ̀n adìyẹ jáde láti inú ilé tiwọn náà.

Arung jáde sórí àtẹ̀gùn. "Níbo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí ọba ti ń rántí ohun tó sọ," Sinrang dáhùn.

"Ẹ sọ ilé yẹn kalẹ̀."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ ò gbọ́ ni?"

"A gbọ́, Arung," Bàbá fèsì lábẹ́ ọparun. "Ẹ pe ìgbìmọ̀. Ẹ sì bá wa yára díẹ̀, ilé yìí kì í ṣe ìyẹ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó tètè gbé ẹ̀rín náà mì. Arung wo òpópónà títí dé ìpẹ̀kun, gbogbo ẹrù yẹn níta.

"Ẹ tú La Tobo. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀."

Wọ́n mú La Tobo jáde, ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Sinrang kò sáré bá a.

"Bàbá, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ẹjọ́," ó ní. Ẹlòmíràn gba ipò Bàbá lábẹ́ ọparun. Sinrang yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ má tíì sọ ọ́ kalẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká gbé e tẹ̀ lé La Tobo, kí ọba má baà yí ọ̀rọ̀ padà."

Bẹ́ẹ̀ ni odidi ilé ṣe tẹ̀ lé ẹlẹ́jọ́ lọ síbi ìdájọ́.