Agboolé Wo Ni Kí N Kọ?

"Ṣé apá àwọn ọmọ yìí kì í ṣe apá ni? Àbí màlúù lo rò pé mo dà wá?"

Fàsílátù ló ń pariwo mọ́ akọ̀wé abupá lójú, lábẹ́ igi odán ọ̀nà Kuta.

Ọláníyọnu, akọ̀wé náà, kò gbójú sókè. Ìwé ńlá wà lórí itan ṣòkòtò kakí rẹ̀. "Ìyá, mi ò bá yín jà. Agboolé-agboolé ni òyìnbó ní kí n máa kọ ọ́. Agboolé wo ni kí n kọ fún àwọn wọ̀nyí?"

"Kọ gàá Fúlàní!"

"Gàá kì í ṣe agboolé. Bí mo bá bupá fún ẹni tí kò nílé nínú ìwé, wọ́n á ní mo jí oògùn ni."

Obìnrin Fúlàní mọ́kànlá dúró lẹ́yìn Fàsílátù, kálukú pọnmọ. Wọn ò gbọ́ Yorùbá ju ti ọjà lọ; ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun tó ń ra wàrà lọ́wọ́ wọn fi bẹ̀ wọ́n. Abẹ ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó fi Kùránì búra pé abẹ yẹn ò ní pa ọmọ kankan, ìgbóná tó pa ọmọ méjì fún Dáádò, ọ̀kan nínú wọn, lóṣù tó kọjá kò sì ní rí ẹlẹ́ẹ̀kẹta mú. Dáádò ló kọ́kọ́ gbà.

Fàsílátù sáré wọlé lọ bá Baálé Oyèdèjì, bàbá ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jáde wá dúró fún wọn. Ẹ ṣáà ní ilé yín ni wọ́n."

Baálé fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ìyàwó wa, wàrà wọn dùn, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó bá kọ, ta ní í pa á rẹ́? Lọ́la ni ọmọ wọn á dé, á ní ilé Oyèdèjì lòun, ibo ni ilẹ̀ òun wà?"

"Bàbá, ilẹ̀ tí a ó sin wọ́n sí ńkọ́?"

"Dìde. Ó tó."

Ó padà sábẹ́ igi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kọ orúkọ mi! Agboolé Fàsílátù!"

"Ìwé yìí ò láyè fún agboolé obìnrin, ìyá." Ohùn akọ̀wé ti rọ̀. Ó wo oòrùn. Gbogbo ilé Oyèdèjì ti bupá tán, Olúpọ̀nnà ló kàn, ọ̀nà sì jìn. Ìgò oògùn kékeré kan ṣẹ́kù tó ti ṣí. Bí wọ́n bá ti ṣí i, oògùn inú rẹ̀ kì í di ọjọ́ kejì. "Ẹ má bínú sí mi. Ìgò òfìfo ni wọ́n ní kí n kó padà."

Dáádò rí i tó mú ìgò, ó rò pé ó ti kàn wọ́n. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ dé èjìká, ó na apá ọmọ náà síwájú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Fàsílátù.

Ọláníyọnu da ìgò náà dorí kodò. Oògùn kán sínú erùpẹ̀. Ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.