Ẹni Tó Lu Bọ́láwálé

Ìgbà kejì tí ọlọ́pàá náà fi ìdí ìbọn gbá a níhà ni egungun Bọ́láwálé dún. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí? Tíṣà ni, ó ti wà lórí ìlà epo láti òwúrọ̀, ó sì ní kí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ilé epo má jẹ́ kí mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ kọjá gbogbo èèyàn. Lọ́dún ọ̀wọ́n epo yẹn ní Àkúrẹ́, ẹni tó ní ìbọn ló ni ìlà.

Monílọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ wà lórí ìlà, gbé e dé ọsibítù aládàáni kan. Dókítà Ọmọ́níyì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti yé e. Apá kan àyà ọkùnrin náà ń lọ sókè sódò bí ewìrì, apá kejì dúró gbagidi. Iṣan ọrùn rẹ̀ wú, gògóńgò rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Egungun tó ṣẹ́ ti lu ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jò níbẹ̀ kò rọ́nà jáde, ó sì ń fún ọkàn rẹ̀ pa. Dókítà ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ gbọọrọ wá kíá, kí òun fi tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà béèrè ẹni tó lù ú. Monílọ́lá, ọmọ àgbà ìjọ kan ní Oǹdó, kò mọ irọ́ í pa. Ó ní ọlọ́pàá ni. Nọ́ọ̀sì fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn. Òfin ilé ni pé ẹni tí wọ́n bá lù tàbí tí wọ́n ṣá gbọ́dọ̀ mú ìwé ọlọ́pàá wá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Dókítà mọ̀ pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sáré gba ìwé náà wá, mà," ló wí, ó ń wo ilẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó lu ọkọ rẹ̀ gan-an ló jókòó sídìí káńtà. Ó bi í léèrè ẹni tó lu ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ìgbájú tó fún un bẹ́ ẹ létè. Ó fi bàtà tì í síta.

Nígbà tó padà dé, Bọ́láwálé ti fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jà fún èémí, ètè rẹ̀ ti dúdú. Obìnrin aláìsàn kan fa Monílọ́lá mọ́ra.

"Ìyàwó, òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Sọ pé ọ̀kadà ló gbé e ṣubú."

Ó sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti gbọ́ òótọ́ tẹ́lẹ̀ kò bá a jiyàn rárá. Ó gbé abẹ́rẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Dókítà gún un sáàárín egungun ìhà, afẹ́fẹ́ tú jáde ṣìì, ṣùgbọ́n àyà náà kò gbéra mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé Oǹdó, ìyá Bọ́láwálé di ìyàwó ọmọ rẹ̀ lápá mú níwájú pósí, ó béèrè ohun tó pa ọmọ òun.

"Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, Màmá."

Ìyá wo ètè rẹ̀ tó wú. "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Ọ̀kadà kan náà ni, Màmá."