Bàbá Fèrè Ò Sọ̀rọ̀ Báyẹn Rí

Láti ìgbà tí Ìyá Alágbàfọ̀ ti gbọ́njú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ò pè é ní orúkọ dáadáa rí. Eèrà ló máa ń pè é, nítorí pé ó kéré, kò sì mọ ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún, awakọ̀ rélùwéè ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Fèrè sì ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí nítorí ohùn rẹ̀: bó bá kí ọ ká-àárọ̀ lásán, ẹni tó wà lójúlé kẹta á ti dáhùn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn dénú, àmọ́ èébú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí Bàbá Fèrè bá wá gba aṣọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á ní, "Eèrà, ṣé o fọ aṣọ yìí ni àbí o kàn bẹ̀ ẹ́?" Òun náà á fèsì pé ọrùn aṣọ tó dọ̀tí báyẹn, àdúrà ló nílò, kì í ṣe ọṣẹ.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí ímeèlì yẹn dé, gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ló ti já a láyà. Ó wà nídìí tábìlì tó ti ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ń pariwo lẹ́yìn, ni fóònù bá dún. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lókè ímeèlì náà. Ó kà á:

"Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, mo kí ọ pẹ̀lú ìfẹ́. Mo wà nílé ìwòsàn, ara mi ò yá rárá. Jọ̀wọ́ má pè mí, fóònù mi ti bàjẹ́. Ohun tí mo nílò kíákíá ni káàdì ẹ̀bùn, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé ìtajà. Rà á, ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi síbí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò fẹ́ kí ọkàn wọn dàrú. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Ó tún un kà. Kí ni ti ọ̀wọ́n? Ta ló ń jẹ́ arábìnrin? Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹni tó kọ eléyìí, kì í ṣe Bàbá Fèrè. Ṣùgbọ́n ọkàn èèyàn kì í pẹ́ wá ohun tó máa fi dẹ́rù ba ara rẹ̀. Ó rántí bàbá àwọn, ọkùnrin tó le bí àpáta, tó jẹ́ pé ìgbà tí ikú ti ń kan ilẹ̀kùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìfẹ́ mi. Ó wá ń rò ó pé, àbí àìsàn ti mú ẹ̀gbọ́n òun débi tí ẹnu rẹ̀ fi rọ̀?

Ó pè é. Fóònù náà dún, dún, dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Ì bá ti fura nígbà yẹn pé fóònù tó bàjẹ́ kì í dún, àmọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í ráyè ronú. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó bẹ oníbàárà kan tó jókòó de aṣọ rẹ̀ pé kó máa bínú, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbéra pẹ̀lú sílípáàsì iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò gba ọ̀nà ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta káàdì. Kì í ṣe ọgbọ́n ló kó o yọ níbẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ rí, ti káàdì ò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Ó bá Bàbá Fèrè lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé, ó ń kun géètì. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà níwájú orí rẹ̀, ó wà lára ajá aládùúgbò tó wá wòran. Inú yàrá ló fi fóònù sí níbi tó ti ń gba iná.

"Eèrà," ó ní, "ta ló ń lé ọ?"

Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ èèyàn lẹ́kún, ó kàn ń fọwọ́ nu ojú àbúrò rẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fi di aláwọ̀ ewé. Obìnrin náà na fóònù sí i kó kà á fúnra rẹ̀.

Bàbá Fèrè kà á dópin. Ohun tó kọ́kọ́ bí i nínú kì í ṣe olè tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Èmi?" ó ní. "Èmi ni mo kọ̀wé pé mo kí ọ pẹ̀lú ìfẹ́?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá dákẹ́, tó ń wo géètì. Àbúrò rẹ̀ mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Láti kékeré, bó bá ti fọ́ nǹkan nínú ilé, bó ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn.

Kó tó bi í léèrè, onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá Fèrè gba kọ̀rọ̀ yọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìrọ̀rí sábẹ́ apá. Òun náà ti rí ímeèlì tiẹ̀ gbà. Ó ní òun fi oníbàárà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n lẹ́nu, òun ní kóun wá béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò pé ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ. Bó ṣe rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró digbí, inú bí i, inú rẹ̀ sì dùn, ó bú u, ó sì dì mọ́ ọn. Ọ̀dà ba bùláńkẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Lẹ́sẹ̀ kan náà, fóònù inú yàrá dún. Ìyá Alágbàfọ̀ sáré lọ gbé e. Ọkùnrin tó máa ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú rélùwéè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyé ọjọ́sí ló ń pè. Ó ti wà nílé ìtajà, káàdì sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ì bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́, àmọ́ òun gbàgbé awò ojú sílé, lòun bá bẹ ọmọbìnrin tó ń gbowó pé kó bá òun ya ẹ̀yìn káàdì. Ọmọ náà ló bi òun pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti fetí ara yín gbọ́ ohùn ẹni tó ní kẹ́ ẹ rà á?" Ìyá Alágbàfọ̀ ní kó má fi ohunkóhun ránṣẹ́, pé ẹ̀gbọ́n òun wà nílé ní àlàáfíà, kó sì bá àwọn dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ ti padà lọ bá irùngbọ̀n tó fi sílẹ̀, ó ku tẹ̀gbọ́n tàbúrò nínú pálọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

Obìnrin náà fa àga kan sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ fún jíjẹ mọ̀ pé àbàwọ́n kan wà tí gbígbo ò lè mú kúrò. Èèyàn kàn máa rẹ ẹ́ sómi ni, á fi í sílẹ̀. Ó jókòó tì í. Nígbà tó yá, Bàbá Fèrè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ó ní lánàá ni ímeèlì kan wọlé sórí táblẹ́ẹ̀tì òun, pé àpótí ímeèlì òun ti kún, àti pé bí òun ò bá jẹ́rìí sí i pé òun lòun ni ín kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ máa pa rẹ́. Wọ́n ní kóun tẹ ibì kan. Òun tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kan ṣí sílẹ̀ tó jọ ti iléeṣẹ́ ímeèlì náà délẹ̀délẹ̀, wọ́n béèrè páswọ́ọ̀dù, òun sì fún wọn. Láti àárọ̀ òní, táblẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kóun wọlé mọ́. Òun rò pé ẹ̀rọ náà ló ń ṣàìsàn. Ọkàn òun ò balẹ̀, lòun ṣe jáde lọ kun géètì.

Àbúrò rẹ̀ ní kí ló wà nínú àpótí ọ̀hún tó fi kánjú tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Fèrè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ló wà níbẹ̀."

Ìyá Alágbàfọ̀ ò gbọ́ èyí rí. Ìyàwó wọn tó ti dolóògbé, lẹ́yìn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ímeèlì tán, kò pariwo pe ọkọ rẹ̀ mọ́ bí oúnjẹ bá jinná. Láti kíṣìnnì ló ti máa ń kọ̀wé sí i nínú yàrá. Ọkùnrin náà ò pa ẹyọ kan rẹ́ nínú wọn. Bí ilé bá dá jù, á ṣí wọn, á máa kà wọ́n.

Ìyá Alágbàfọ̀ pe ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níléeṣẹ́ kan. Ọmọ náà kọ́kọ́ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kẹ́dùn, ó ní òun náà ti jìn sí irú ẹ̀ rí, lẹ́nu iṣẹ́, níṣojú ọ̀gá òun. Bàbá Fèrè ní irọ́ ló ń pa láti tu òun nínú. Ọmọ náà búra. Ó wá ní kí wọ́n fi fọ́tò ímeèlì àná ránṣẹ́ sóun, nítorí ó mọ̀ pé bàbá yìí kì í rí ohun tó jọ ìwé ìjọba kó má fi fóònù yà á. Ó rí i lóòótọ́. Ó ní kí wọ́n wo àdírẹ́sì tó wà lókè dáadáa: orúkọ iléeṣẹ́ ló jọ, àmọ́ òdo ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, ẹni tó bá ń sáré ò sì ní rí i. Ó ní àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré lé èèyàn. Ó ní kí wọ́n má ṣe gba ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún wọn yẹn wọlé mọ́ láé. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ àdírẹ́sì iléeṣẹ́ náà, kí wọ́n ní páswọ́ọ̀dù ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, iléeṣẹ́ máa fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù Bàbá Fèrè. Orí táblẹ́ẹ̀tì nìkan ni kó ti tẹ nọ́ńbà yẹn.

Wọ́n ń ṣe é lọ díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nígbà tí fóònù Bàbá Fèrè dún. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù ló wà níbẹ̀. Ó kí i, ó pè é ní bàbá, ó ní láti ẹ̀ka ààbò iléeṣẹ́ ímeèlì lòun ti ń pè. Ó ní àwọn rí i pé olè ti wọlé sí i, àwọn sì fẹ́ lé e jáde báyìí. Kí bàbá tètè ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù fún àwọn kí olè tó sá.

Ìyá Alágbàfọ̀ rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fóònù jìnnà sójú kó lè rí nọ́ńbà náà kà. Ó na ọwọ́ láti gbà á. Ṣùgbọ́n Bàbá Fèrè wo fóònù, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wá gbé e padà sétí.

"Ọmọ mi," ó ní, "nígbà tí mo ń wa rélùwéè, bí iná bá pupa níwájú mi, tí ẹnì kan sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó ń juwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀, mi ò ní lọ. Iná ni mo máa ń wò, mi kì í wo ọwọ́. Bí mo ṣe ń gbọ́ ẹ yìí, pupa ni mo ń rí."

Onítọ̀hún ní bàbá ò yé òun. Bàbá Fèrè ní kó má ṣèyọnu, kó lọ wá iṣẹ́ míì, ohùn rẹ̀ dáa, á rí nǹkan fi ṣe. Ó sì pa fóònù. Ó wá tẹ nọ́ńbà náà sórí táblẹ́ẹ̀tì.

Ó ṣí. Wọ́n fi páswọ́ọ̀dù tuntun sí i, gbólóhùn gígùn kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ọmọ náà sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi àgádágodo kejì kún un, tó fi jẹ́ pé bí olè bá tiẹ̀ jí páswọ́ọ̀dù, fóònù ò ní gbà á láàyè. Wọ́n kọ̀wé sí gbogbo èèyàn tí olè ti fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí. Lẹ́yìn náà ló lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ wà. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Ó ka ọ̀kan sétí àbúrò rẹ̀: "Oúnjẹ ti délẹ̀. Bí o bá tún ní ò ń bọ̀, màá gbé e fún ológbò, ológbò kì í ní òun ń bọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì, ẹ̀rín sì kọ́ ló fa gbogbo omi ọ̀hún.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi lánàá," Ìyá Alágbàfọ̀ ní.

"Ojú ń tì mí. Èmi tí mo kó ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn dé ilé láìfarapa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ṣe yín báyìí, iṣẹ́ tí wọ́n jí lọ ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin, oúnjẹ àárọ̀ lẹ jí jẹ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ?"

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ po tíì fún un, ohun tí kì í ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì pé, Bàbá Fèrè ní òun máa sọ ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní kò pọn dandan. Bàbá Fèrè ní ẹní jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí ẹni tó jìn bá wá panu mọ́, kí làwọn yòókù fẹ́ rí kọ́? Ìyá Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ orí tábìlì gbọ̀ngàn ìpàdé wọn, torí náà ó jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ó ń ká aṣọ, ó ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tó débi tí olè ti kí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ̀rín fẹ́ wó gbọ̀ngàn. Ó ní òun ti kọ́ pé bí ìwé kan bá ń lé òun, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kóun jókòó. Ó ní bí wọ́n bá fi orúkọ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ béèrè nǹkan, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, bí kò bá sì gbé e, ẹ ṣe bíi ti àbúrò òun, ẹ lọ wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé parí, ọkùnrin gíga kan tó máa ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ dúró sẹ́yìn. Kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó dúró títí gbogbo wọn fi jáde, ó wá sún mọ́ Bàbá Fèrè, ó ní wọ́n ti ṣe òun náà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Òun ò tíì sọ fún ìyàwó òun. Bó bá bi òun pé kí ló dé tóun ò rí oorun sùn, òun á ní orúnkún ló ń dun òun, ó sì máa ń fi òróró ra á fún òun.

Bàbá Fèrè ò bi í pé èló ni wọ́n gbà. "Ṣé ìyàwó wà nílé báyìí?" ó ní.

Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó yá, jẹ́ ká jọ lọ. Bí o bá débi tó le, màá bá ọ sọ ọ́."

Ó ní kí àbúrò òun máa lọ sílé, kó má dúró de òun. Ìyá Alágbàfọ̀ ká aṣọ tó kù sínú báàgì. Láti ojú fèrèsé, ó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń rọra rìn lọ lójú títì, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkùnrin gíga náà, títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀.